Ẹtù Ìṣẹ́yìn lórí Queen Mary 2

Ọmọ wa obìnrin bímọ ní Brooklyn ní oṣù Kejì ọdún 2022. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, èmi àti bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Queen Mary 2 ní Southampton, a forí lé New York. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bi wá pé kí ló ṣe bàálù. Kò sóhun tó ṣe bàálù. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni wọ́n wọ̀ láti Àpápá wá sí Liverpool ní 1961 nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá kàwé, ìtàn ọkọ̀ yẹn kò sì kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi papò dà: bí fèrè rẹ̀ ṣe dún nígbà tí Èkó ń pòórá lẹ́yìn wọn, bí ẹja ṣe ń fò lójú omi, bí wọ́n ṣe tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ. Dádì, ìyẹn ọkọ mi, ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n pé kí àwọn tó pé àádọ́rin ọdún, àwọn náà á gba ojú òkun lọ sí ibì kan. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi dá àjọ sí i. 3,200 pọ́n-ùn la san fún àwa méjèèjì, fún òru méje, nínú yàrá tó ní bákónì tirẹ̀. Owó ńlá ni fún wa. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ọkọ̀ náà tó owó rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham, ní London, ti ń bi mí ní ìbéèrè méjì: kí lẹ wọ̀, irú ìdánwò wo ni wọ́n ṣe fún yín? Ẹ jẹ́ kí n ti ìdánwò bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn àjò náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa nígbà náà ni pé ká gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà pé, ká sì mú èsì ìdánwò tuntun dání, èyí tí ẹni tó mọṣẹ́ bá wa ṣe tó sì fún wa níwèé. Èyí tí èèyàn ń dá ṣe nílé kò wúlò. Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ máa ṣí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a lọ sí ilé ìdánwò kan ládùúgbò wa, wọ́n gba 70 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn kò béèrè páásípọ́ọ̀tù. Ó ní ká pe orúkọ wa, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rí i pé òwú orí igi yẹn kò kọjá ẹnu ihò imú Dádì tó fi yọ ọ́. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lálẹ́, èsì dé sórí fóònù. Lẹ́tà méjì ti já bọ́ lára orúkọ Dádì, ọdún ìbí wọn, 1953, sì ti di 1983. Orúkọ orí èsì sì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Mo pe nọ́ńbà wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì pé ó di Mọ́ńdè. Mo dúró lójú títì yẹn, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Àjọ ọdún kan àtààbọ̀, ọmọ tuntun tí a ò tíì fojú kàn, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ lẹ́tà méjì.

Bàbá apoògùn kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀ ló yọ wá. Ó gba páásípọ́ọ̀tù, ó ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí n máa wo ojú kọ̀ǹpútà bí òun ṣe ń tẹ orúkọ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní kí Dádì gbé orí sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti òwú náà wọ ihò imú kan, ó yí i po yí i po, ó bọ́ sí èkejì, ó tún yí i. Omi bọ́ lójú Dádì. Ó kán omi sórí pátákó kékeré funfun yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó tì í: ọ̀rinrin pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, ìlà kan yọ níwájú C, iwájú T sì funfun báláú, ìyẹn ni pé kò sí Kòrónà. Ìṣẹ́jú 15 gbáko ló fi wò ó kó tó fọwọ́ sí ìwé. 45 pọ́n-ùn ló gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì tún tèmi ṣe, nítorí n kò fọkàn tán ti àkọ́kọ́ mọ́. Bí ẹ bá ní ìdánwò kankan láti ṣe fún ìrìn àjò, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kúrò níwájú ẹni tó ń tẹ orúkọ yín. Orúkọ wa gùn, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè fi etí lásán kọ ọ́.

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn náà. Àjọ CDC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà, fòpin sí ètò Kòrónà tí wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n fi í sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá fi ránṣẹ́ sí yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera kò tán síbẹ̀. Wọ́n ṣì ń bi èèyàn bóyá ó ti ń bì tàbí ó ń ṣu omi, nítorí kòkòrò norovirus tètè ń ràn nínú ọkọ̀. Ẹ dákun, ẹ sọ òtítọ́. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìpara ọwọ́ ọlọ́tí yẹn kò rí norovirus gbé ṣe dáadáa. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ fọ abẹ́ èékánná náà.

Dókítà àti ilé ìwòsàn wà nínú ọkọ̀, àmọ́ owó ni, NHS, ìyẹn ìwòsàn ọ̀fẹ́ ìjọba Bìrìtìkó, kò débẹ̀. Káàdì GHIC tí a fi ń gba ìtọ́jú ní Yúróòpù kò wúlò lójú òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò ní Amẹ́ríkà. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó sọ ní pàtó pé ó bo ìrìn àjò ojú omi, ẹ sì kọ gbogbo àìsàn yín sí i. Dádì ò kọ́kọ́ fẹ́ ká kọ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní owó á lé. Ó lé lóòótọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ náà ni, nítorí mo ti rí ẹbí tó ta mọ́tò san owó ìwòsàn lórí irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀.

Oògùn yín kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí ńlá tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ ní èbúté. Inú báàgì ọwọ́ ni, nínú páálí tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kó sì lé ní ti ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa: bí ọkọ̀ ṣe ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, òru márùn-ún nínú méje ni wọ́n ń fa aago sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oorun àfikún ni fún ara, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́ gbọ́dọ̀ bi apoògùn rẹ̀ léèrè kó tó kúrò nílé. Ìwé pélébé kan ni mo lẹ̀ mọ́ dígí yàrá wa, mo kọ wákàtí oògùn Dádì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i.

Ní ti ìwé ìrìnnà, páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó wa ni a fi gba ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Amẹ́ríkà ń fún ẹni tí kò nílò físà. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà, físà Amẹ́ríkà ló nílò nígbà náà; kó kọ́kọ́ wádìí bó ṣe rí nísinsìnyí.

Ó kan aṣọ wàyí. Cunard tó ni ọkọ̀ náà kì í fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ṣòkòtò péńpé àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ Britannia, ìyẹn gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá. Òru méjì nínú méje tiwa jẹ́ òru gálà: ọ̀kan jẹ́ ti dúdú àti funfun, èkejì ti ìbòjú. Dádì ka ìwé náà, wọ́n ní àwọn máa lọ yá kóòtù òde àti bóò táì. Mo gba ìwé náà, mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé wọ́n gba aṣọ òde ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè ẹni. Mo ní, “Dádì, ẹtù yín ńkọ́?”

Ẹni tó bá mọ aṣọ ẹtù á mọ̀ pé kò sí aṣọ tó yẹ òru yẹn jù ú lọ. Aró tí wọ́n rẹ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, ìlà funfun tín-ín-rín tó tò láti òkè délẹ̀, bí ìyẹ́ ẹtù, ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun tiwa, fún ìgbéyàwó ọmọ tí à ń lọ bá yìí. Bàálù kì í jẹ́ kéèyàn gbé irú rẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn nítorí ó wúwo. Ọkọ̀ ojú omi fún wa láyè. Mo tẹ́ agbádá sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yí inú rẹ̀ síta kí iṣẹ́ ọnà àyà rẹ̀ má baà ha, mo tẹ́ bébà rírọ̀ lé e, mo kó apá méjèèjì wọlé, mo sì ká a bí ẹní. Bí ẹ bá ṣẹ́ aṣọ òkè po fún ọjọ́ mélòó kan, ojú ìṣẹ́po yẹn kò ní kúrò bọ̀rọ̀. Gèlè tèmi, orí páálí gígùn tí wọ́n fi ń ká aṣọ ní ọjà ni mo ká a sí.

Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lọ, wọn kì í gbà á ní yàrá nítorí iná. Yàrá ìfọṣọ ọ̀fẹ́ wà nínú ọkọ̀, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń lọ, ojú ò tíì pọ̀ nígbà náà.

Alẹ́ ọjọ́ náà, bí Dádì ṣe jáde nínú líìfù, tí wọ́n gbé apá agbádá lé èjìká, ọ̀nà là fúnra rẹ̀. Ará Scotland kan tó wọ yẹ̀rì ìbílẹ̀ wọn wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà Queens Room, níbi tí wọ́n ti ń jó. Ó bi Dádì bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tí wọ́n ti rán awẹ́ aṣọ méjì pọ̀. Dádì ṣàlàyé fún un pé orí òfì ni wọ́n ti ń hun ún, pé awẹ́ aṣọ kan kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé télọ̀ ló ń tò wọ́n pọ̀ di agbádá. Òun náà sọ ìdílé tí àwọ̀ yẹ̀rì rẹ̀ ti wá. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ tó ìdajì wákàtí, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ jókòó.

Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá ń lọ sí gbọ̀ngàn eré lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wé gèlè yín kó rọra lọ sẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ jókòó ní ìlà ẹ̀yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà sanwó. Kí òru ìbòjú má sì dẹ́rù ba yín nítorí pé masquerade là ń pe egúngún ní Gẹ̀ẹ́sì wa: ìbòjú kékeré lásán ni, ó bo ojú nìkan, lórí aṣọ òde. Sányán ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo lẹ ìbòjú aláwọ̀ wúrà mọ́ ọn. Bó bá sì rẹ̀ yín, kò pọn dandan. Kings Court, níbi tí èèyàn ti ń fúnra rẹ̀ bu oúnjẹ, ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ wọṣọ òde, Golden Lion, ilé ọtí inú ọkọ̀, náà sì wà. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin, èyí tí Dádì ní kókósẹ̀ ń dun àwọn, Kings Court la ti jẹun.

Ọjọ́ ìkẹyìn, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Dádì jí mi. A dúró ní bákónì nínú òtútù, ọkọ̀ ń rọra kọjá lábẹ́ afárá Verrazzano tó wà lẹ́nu èbúté New York. Wọ́n ṣe ihò èéfín ọkọ̀ yìí ní kúkúrú láti ìgbà tí wọ́n ti ń kàn án kó lè gba abẹ́ afárá náà, síbẹ̀ ẹni tó ń wò ó á rò pé yóò kàn án. Fèrè dún. Ọ̀kan nínú fèrè Queen Mary 2 jẹ́ èyí tí wọ́n mú lára Queen Mary àkọ́kọ́, ìró rẹ̀ sì wọ inú àyà èèyàn kí etí tó gbọ́ ọ. Dádì di irin bákónì mú, wọn kò sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa ń dúró dè wá ní èbúté Red Hook, ní Brooklyn. Mo gba ọmọ náà, mo gbé e lé bàbá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Nínú tákísì, gbogbo ọ̀nà dé ilé, wọ́n ń sọ bí fèrè ọkọ̀ ṣe dún fún un, wọ́n ń fẹnu ṣe é.