Máàpù onígi tó ń kọ́ ọmọ bí ilẹ̀ ayé ṣe pín: ó dára, àmọ́ ẹ yẹ igun Niger Delta wò

Àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́ni ní Dùgbẹ̀ ti ń pàtẹ rẹ̀ báyìí: pátákó plywood tó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú ègé igi mẹ́sàn-án tí ọmọ lè tò, kó tú u, kó tún un tò. Ayé òní wà lójú kan. Lójú kejì ni Pangaea, ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ ṣì so pọ̀ bí awẹ́ obì tí a kò tíì pa, ní nǹkan bí 250 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó wú ni lórí jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n gé Íńdíà, Madagascar àti Arabia lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa Íńdíà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madagascar, kó tì í gòkè títí tí yóò fi lọ kọlu Éṣíà. Ìkọlù yẹn, ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ló gbé òkè Himalaya dìde, ó sì ń gbé e títí dòní.

Àbùkù rẹ̀ wà níbi tó kan àwa gan-an. Tí ẹ bá ti Gúúsù Amẹ́ríkà mọ́ Áfríkà, èjìká Bràsíl yẹ kó wọ abíyá Áfríkà ṣinṣin, níbi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti pàdé. Kò wọ̀ ọ́. Àlàfo bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà máa ń ṣẹ́ kù. Ẹlòmíì á ní kí a fi sánpépà ha Bràsíl kó lè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, Bràsíl kò ṣẹ̀. Ẹni tó gé igi náà tẹ̀lé etíkun òní, Niger Delta sì yọ ikùn síta níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì ṣì so pọ̀, kò sí Delta kankan. Ẹ̀yìn tí òkun ti là sáàárín wọn ni odò Ọya àti Bẹ́núé kó iyẹ̀pẹ̀ wá, tí wọ́n ń dà á síbẹ̀ láti bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, títí ó fi nípọn tó kìlómítà 12 láwọn ibì kan. Ní 1965, nígbà tí Edward Bullard, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà to ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti gun ara wọn.

Nítorí náà, Áfríkà ni kí ẹ gé. Ẹ fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu odò Benin dé ẹ̀gbẹ́ Kàlábà, kí ẹ fi ayùn wẹ́wẹ́ gé ikùn yẹn kúrò. Ẹ má sọ ọ́ nù: òun ni ègé kẹwàá, tí ọmọ yóò fi sí i kẹ́yìn pátápátá. Àlàfo tíńtìntín tó bá kù láwọn ibòmíì kò burú, nítorí etí ilẹ̀ gan-an wà lábẹ́ omi, ó jìnnà sí iyanrìn etíkun.

Pátákó náà tún wúlò fún ìṣirò. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ 500 kìlómítà. Tí ilẹ̀ méjèèjì bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà síra lọ́dún, sẹ̀ǹtímítà kan lórí pátákó jẹ́ 12.5 mílíọ̀nù ọdún. Láti Èkó dé Recife, ní etíkun Bràsíl, jẹ́ nǹkan bí 4,500 kìlómítà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 9, tó máa fún yín ní nǹkan bí 112 mílíọ̀nù ọdún. Kò jìnnà rárá sí ìgbà tí apá ibẹ̀ ya.

Ìwé pélébé inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ má gbára lé. Ó ní àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì ń léfòó lórí òkun. Irọ́ ni. Pléètì, ìyẹn àwọn awẹ́ òkúta ńláńlá tó bo ojú ayé, ló ń rìn, ìsàlẹ̀ òkun sì wà lára pléètì; ti Áfríkà dé àárín gbùngbùn òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ gé páálí tó fẹ̀ ju Áfríkà lọ, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ọmọ á rí i pé etíkun kọ́ ni etí pléètì.

Ó tún ku ti òjò. Wọn kò kun etí àwọn ègé náà, ọ̀rinrin oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án sì máa ń jẹ́ kí plywood wú. Àwọn ègé kéékèèké kò ní wọ ojú ihò wọn mọ́. Ẹ fi sánpépà 220 ra etí wọn, kí ẹ kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ fún ọjọ́ kan.

Kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn kún fún un. Ẹ ṣa òkúta tó ní ìlà dúdú àti funfun (gneiss ni, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní gíránáítì) níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Ooru abẹ́ ilẹ̀ tó yí òkúta ilẹ̀ wa padà ní bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn náà ló yí ti àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl padà. Ẹ gbé ọ̀kan sórí Nàìjíríà, ọ̀kan sórí Bràsíl, kí ẹ tó ya wọ́n.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ níwájú olùtajà, kí ẹ ka ègé rẹ̀ pé mẹ́sàn-án. Madagascar kò ju ìka kan lọ, òun ló sì máa ń sọnù.