Irinṣẹ́ dátà ìpín ìdókòwò fún AI: ìwé ìlò rẹ̀ ni mo gbé yẹ̀wò

Àwa mẹ́fà ni a jọ ń ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní Houston níbí, èmi ni wọ́n sì fi ìjábọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń sanwó fún irinṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún aṣojú AI, kí ó lè máa wádìí ẹni tó ni ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan àti iye tí onítọ̀hún ní. N kò ní dárúkọ irinṣẹ́ náà, nítorí pé èmi àti àwọn tó ṣe é ṣì ń kọ̀wé síra wa lórí àtúnṣe. Ìwé ìlò rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé AI kò ní ojú mìíràn tó fi ń wo dátà: ohun tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀ ni ó gbà gbọ́, ohun tí wọn kò bá sì kọ, á fi èrò ara rẹ̀ dí i.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wù mí. EDGAR ni dátà náà ti ń wá, níbi tí SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, ń kó ìwé ìjábọ̀ sí, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú láti lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó rán an, kò gbọ́dọ̀ béèrè ju ìgbà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, o sì ní láti fi òdo síwájú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ títí yóò fi pé mẹ́wàá, bí 320193 ti Apple ṣe ń di 0000320193. Irinṣẹ́ yìí gba gbogbo wàhálà yẹn ṣe. Apá Form 4 ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ìwé yìí ni àwọn olùdarí àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń fi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí wọ́n bá ra tàbí ta ìpín ilé iṣẹ́ wọn. Ìwé ìlò náà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé lẹ́tà S dúró fún títà, àti pé F jẹ́ ìpín tí wọ́n yọ sílẹ̀ láti fi san gbèsè bí owó orí. Nítorí ìlà méjì yẹn, AI mi kò pariwo rí pé ọ̀gá kan ń sá kúrò nílé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé owó orí ni ó san.

Ibi 13F ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ìwé yìí ni àwọn tó ń bójú tó ìpín tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 100 dọ́là, ó kéré tán, ń fi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye owó inú rẹ̀. Láti ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ti ń kọ dọ́là gan-an. Gbogbo ohun tí ìwé ìlò sọ nípa òpó náà ni "iye owó ìpín". Bí a bá rán ọmọ lọ ra gàrí, tí a ní kí ó ra mẹ́wàá láìsọ bóyá kóńgò ni tàbí àpò, ẹjọ́ ọmọ kọ́ ni ohun tó bá gbé dé. Mo ní kí AI fi ohun tí ilé iṣẹ́ abójútó owó kan ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wé ti oṣù kẹta ọdún 2023. Ó rí 48,210, ó rí 51,300,000, ó sì kọ ìpínrọ̀ gígùn kan lórí bí wọ́n ṣe rọ́ owó rẹpẹtẹ lé ìpín náà. Ó kù díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí ìwé méjèèjì ní EDGAR, wọn kò ra ẹyọ ìpín kan kún un. Iye tí ọjà ń dá lé e ni ó gbéra díẹ̀, láti mílíọ̀nù 48 sí mílíọ̀nù 51. Àyà mi já, nítorí owó tí àwọn ènìyàn mi fi òógùn wá ni.

Ti ọjọ́ tilẹ̀ burú ju ti owó lọ. Àyè ọjọ́ 45 wà fún 13F lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta bá parí, síbẹ̀ ìwé ìlò pe ohun tí irinṣẹ́ ń mú jáde ní "àwọn oní-ìpín lọ́wọ́lọ́wọ́". Ẹ wo Berkshire Hathaway, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà: ní oṣù keje ọdún 2024, 13F tó wà nílẹ̀ ṣì ń ka ìpín Apple tó lé ní mílíọ̀nù 789 sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà fi pé, mílíọ̀nù 400 ni ó kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọjà lè fura. AI kò ní fura, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Wọn kò tún ṣàlàyé òpó put (ẹ̀tọ́ láti ta ìpín ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí), tó jẹ́ pé ẹni tó ń retí kí ìpín já wálẹ̀ lè fara hàn níbẹ̀ bí oní-ìpín.

Àwọn tó ṣe é dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì ti fi ọjọ́ tí ìṣirò dúró sí àti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ kún èsì. Ti ẹgbẹ̀rún dọ́là ṣì wà bó ṣe wà. Mo ṣì ń sanwó, Form 4 nìkan tó bẹ́ẹ̀. Fún 13F, mo kọ ìtọ́ni tèmi síwájú AI, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó láìṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lò: "Má ṣe sọ pé 'lọ́wọ́lọ́wọ́' fún 13F. Kọ ọjọ́ tí ìṣirò náà dúró sí àti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, sọ iye owó di ìlọ́po 1,000 kí o tó fi wé òmíràn. Ya put sọ́tọ̀."