Mo wá erin funfun lọ sínú ìwé Brewer, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀

Erin funfun ló mú mi ra ìwé Brewer yìí, dikṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, lọ́jọ́ kan báyìí wọ́n gbé ìròyìn kan wá pé ọjà ńlá tí ìjọba kọ́ sí ìlú kan ti di white elephant, ìyẹn nǹkan olówó gọbọi tí ò wúlò. Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, ó kàn tú u gbọrangandan pé ìjọba kọ́ erin funfun sáàárín ìlú, wọ́n sì kà á síta bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Fóònù ò sinmi. Bàbá kan tiẹ̀ ń béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣí i, òun fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ òun lọ wò ó.

A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo délé ni mo rí i pé èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín gan-an ò mọ ohun tó kan erin nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ibi tó ti wá. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo bá Brewer's Dictionary of Phrase and Fable pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá, ẹ̀dà 1999 tí Adrian Room tún ṣe, ìwé tó ki bíi búrẹ́dì Agége. ₦6,000 ló pè é, a ná an, ná an, mo san ₦4,500.

Ìtàn tó wà nídìí erin náà rèé: wọ́n ní ọba ilẹ̀ Siam, ìyẹn Thailand òde òní, tó bá fẹ́ fojú ìjòyè kan gbolẹ̀, kò ní bá a jà, kò ní bú u, ńṣe lá fi erin funfun ta á lọ́rẹ. Ta ló máa kọ ẹ̀bùn ọba? Erin mímọ́ ni, èèyàn ò gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ tà á, àmọ́ erin á jẹun o, oúnjẹ erin náà ló sì máa sọ ìjòyè di ẹdun arinlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí, kò tún ní kọ "erin funfun" sínú ìròyìn mọ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ nǹkan tó ń jẹ èèyàn run tí ò ṣeé gbé jù sílẹ̀.

Bí gbogbo ìwé yẹn ṣe rí nìyẹn. Dikṣọ́nárì ni wọ́n pè é lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìtàn lẹ́yìn ló ń wá kiri. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, Ebenezer Cobham Brewer, tíṣà ni, àlùfáà Áńgílíkà sì ni, ọmọ Norwich, 1810 ni wọ́n bí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ nǹkan tó bá kà jọ kí Cassell, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé, tó gbé ìwé náà jáde ní 1870, bàbá ti pé ẹni 60 ọdún nígbà yẹn. Ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ di ńlá ní 1894, ó kú ní 1897. Látìgbà yẹn ẹlòmíì ló ń tún un ṣe, èyí tí Susie Dent ṣe ní 2018 fún Chambers, táwọn náà ń tẹ ìwé, ẹ̀dà ogún nìyẹn.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti Hobson. Òyìnbó máa ń sọ pé Hobson's choice, ìyẹn yíyàn tí kì í ṣe yíyàn. Mo ti rò pé inú eré ìtàgé kan ni Hobson ti wá, àṣé èèyàn gidi ni, Thomas Hobson, ará Cambridge, 1631 ló kú. Ó ń fi ẹṣin háyà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹṣin sì pọ̀ ní ṣẹ́dì ẹ̀ tí oníbàárà máa ń wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, àmọ́ bó ti wù kó wò tó, èyí tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa gbà, bí ò bá fẹ́ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ pa àwọn tó dáa jù nínú ẹṣin ẹ̀ ni, káwọn tó kù sì wá dúró gbẹ, ìyẹn ló ṣe tò wọ́n. Mo ní háà, páàkì nìyí! Ẹ débẹ̀ láàárọ̀, ẹ rí Sienna tó mọ́ tó ní éésì, àgbèrò ní rárá, mọ́tò tó kàn nìyí, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò pa dé dáadáa, ẹ wọlé àbí kẹ́ ẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ọkùnrin yẹn ti lo tọ́ọ̀nù kí wọ́n tó ṣe mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ wo Coventry, ìlú kan ní England, wọ́n ní kí wọ́n rán èèyàn lọ sí Coventry ni kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Brewer ní àwọn ará ìlú yẹn kórìíra ṣójà nígbà kan débi pé obìnrin tí wọ́n bá rí tó ń bá ṣójà sọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú ò ní dá a lóhùn mọ́, torí náà ṣójà tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ ti di ẹni tí ò rẹ́ni bá tàkúrọ̀sọ. Àwa ti ní "wọ́n yàn án lódì", ọ̀rọ̀ kan péré, a ò rán ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá òyìnbó jà ni humble pie. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹni tó rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì ni. Ìwé náà ṣàlàyé pé umbles ni wọ́n ń pe inú àgbọ̀nrín láyé àtijọ́, ẹ̀dọ̀, ọkàn, ìfun, tí wọ́n bá pa ẹran tán olówó á jẹ itan, ọdẹ àtàwọn ìránṣẹ́ á jẹ èyí tó wà nínú. Ẹ wò ó, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni ìyà? Nílẹ̀ wa níbí? Ẹ lọ sóde ìnáwó kẹ́ ẹ gbé abọ́ tí sàkì ò sí nínú ẹ̀ fún àna yín, kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Àmọ́ ẹ má gba gbogbo ẹ̀ gbọ́ o. Àléébù ìwé yìí tó tóbi jù ni pé Brewer fẹ́ràn ìtàn dídùn ju ẹ̀rí lọ, pàápàá nínú ẹ̀dà àtijọ́. Tó bá dórí òjò tó ń rọ cats and dogs, ìyẹn òjò ńlá, ó ní nínú ìtàn àwọn ará àríwá Yúróòpù, ológbò lágbára lórí ojú ọjọ́, àwọn àjẹ́ máa ń di ológbò tí wọ́n bá ń gun ìjì, ajá sì ni ẹmẹ̀wà Odin, òrìṣà wọn tó ni ìjì. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ìjì náà ṣojú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní ní kò sẹ́rìí kankan tó so Odin mọ́ ọn. Ti let the cat out of the bag náà, ìyẹn kéèyàn tú àṣírí, pé àwọn onímàgòmágó inú ọjà ń ki ológbò sápò kí wọ́n lè tà á bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, èmi ò gbà. Ológbò inú àpò á há, á ya àpò, á ké, ta ni ò dá ohùn ológbò mọ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó níṣẹ́, ẹ lo ẹ̀dà tuntun, kẹ́ ẹ sì tún yẹ ibòmíì wò. Oxford náà ní irú ẹ̀, Elizabeth Knowles ló ṣe é ní 2000, ìyẹn ṣọ́ra dáadáa, àmọ́ kò dùn tó eléyìí, ó gbẹ.

Lẹ́tà inú ẹ̀ kéré, ẹ ó nílò awò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà lẹ ó mọ abẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ wá nǹkan sí, òwe tó ní ajá àti egungun nínú lè wà lábẹ́ ajá, ó lè wà lábẹ́ egungun, ibi tẹ́ ẹ ti ń wá a kiri lẹ ó ti bá orúkọ ẹṣin àwọn akọni pàdé, Bucephalus ẹṣin ọba Alexander, Copenhagen tí Wellington, ọ̀gágun òyìnbó, gùn lójú ogun Waterloo ní 1815, tí ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ yín níbẹ̀. Mo jókòó láago mẹ́jọ alẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí n wo ọ̀rọ̀ kan péré, ìgbà tí mo máa gbójú sókè aago méjìlá ti lù, ìrẹsì mi ti jóná.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí irú ẹ̀ fún tiwa tó tóbi báyìí. "Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Àwólẹ̀ la di àdìkálẹ̀": ọmọ mélòó ló mọ̀ pé Aláàfin ni àwọn méjèèjì, pé ọ̀kan jẹ́ kí Ọ̀yọ́ rọrùn, tí Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú lórí èkejì? Tàbí pé ìró ìbọn ló sọ ogun Kírìjì lórúkọ? Ó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson, tí bàbá yẹn parí ní 1897, ọdún tí Brewer kú gan-an, tí wọn ò sì rí tẹ̀ títí di 1921, dikṣọ́nárì Yorùbá tí Abraham ṣe ní 1958 náà kó díẹ̀ jọ, àmọ́ ẹ ó wá a kẹ́ ẹ tó rí i, ó fọ́n káàkiri ni.

Tówó ò bá sí, ẹ̀dà Brewer àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ oníwèé ti kúrò lórí ẹ̀, dátà yín nìkan lẹ máa ná. Tèmi ti já láàárín, níbi lẹ́tà C, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yáwèé tẹ́ ẹ kì í dá a padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí.