Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta igi ata rodo "tó ti la òtútù kọjá"

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbin ata sójú fèrèsé nílùú òyìnbó, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Pọ́n-ùn 94 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn mí. Odidi ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ń bomi rin irọ́.

Oṣù Kínní ọdún 2024 ni mo rí ìpolówó ẹni tí mò ń sọ yìí lórí Facebook. Ojúlówó rodo Ìbàdàn, ó ní ọjà Bódìjà ni wọ́n ti ra ata tí wọ́n yọ kóró rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun ló kó o wá nínú àpótí. Ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: "Ẹ kú òtútù o, mọ̀mí." Ta ni kò ní dáhùn? Àpò kóró mẹ́ta ni mo rà, pọ́n-ùn 8 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ti là mí lójú, nítorí èèyàn ò gbọdọ̀ kó kóró ata wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà láìní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì tún sanwó.

Nínú oṣù Kejì, mo gbìn ín sínú abọ́ ike búlúù tí ìyá mi fún mi, mo gbé e ka orí máàtì oníná, mo ń ṣọ́ ọ kí ìgbóná rẹ̀ má kúrò ní 28 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá ti gbin rodo rí mọ̀ pé ó máa ń lọ́ra, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó yọrí. Tèmi hù lọ́jọ́ keje. Ọjọ́ keje! Dípò kí n fura, ńṣe ni mo ya fọ́tò abọ́ náà, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àdúrà dá mi lóhùn.

Mo lọ́ wọn sínú ìkòkò. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, mò ń gbé wọn jáde lọ́sàn-án kí ara wọn lè mọ́ afẹ́fẹ́ ìta, mò ń gbé wọn wọlé lálẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí. Nígbà tí wọ́n tanná lóṣù Keje, òdòdó funfun kan ṣoṣo ló wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Rodo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó rodo sábà máa ń pọ̀ lójú kan náà, méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, funfun rẹ̀ a máa fà sí àwọ̀ ewé. Bàbá àwọn ọmọ mi bèèrè lọ́jọ́ yẹn pé, "Ṣé rodo nìyí?" Mo kanra mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ata ti gùn, ó ti pọ́n. Mo là á, kò ta, kò ní òórùn rodo rárá. Tàtàṣé kéékèèké ni! Mo fi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà dùn bí ẹni bu ṣúgà sí i.

Ibi tí ojú ti ń tì mí jù nìyí. Ẹni tó ta tàtàṣé fún mi, òun náà ni mo tún padà lọ bá. Mo bá a jà o, mo pariwo, ṣùgbọ́n ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú, òtútù ibí ló gba agbára lẹ́nu ata yẹn." Irọ́ ni! Òtútù kì í sọ rodo di tàtàṣé. Ó ní òun ní igi ata tó ti la òtútù ọdún méjì kọjá, pọ́n-ùn 40, ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni, kí n mú 70 wá fún méjì. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, igi tó ki, rodo so jìngbìnnì lórí rẹ̀. Mo san án sínú àkáǹtì rẹ̀ tààrà. Ẹ má bi mí pé ọgbọ́n mi dà. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń gbé níbí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n dé láàárọ̀ kí n já rodo lójú fèrèsé mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Igi náà dé ní ìparí oṣù Kẹwàá, nínú páálí, láìní ewé kankan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kó lè sùn nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́, torí bẹ́ẹ̀ náà ni à ń ṣe é: à ń gé ata kù, a ó kó o wọlé kí yìnyín àkọ́kọ́ tó pa á, a ó gbé e síbi tí kò ní tutù ju 10 lọ, a ó sì máa wọ́n omi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ata nígbà òtútù máa ń jọ òkú. Ibẹ̀ ni olè yìí ti ń jẹun! Ó mọ̀ pé oṣù mẹ́rin máa kọjá kí ẹni tó rà á tó mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Mò ń bomi rin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mò ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti òkè, mo ní èmi ni mo pa á, pé omi mi ló pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, mo fà á tu. Kò ní gbòǹgbò. Kò ní ẹyọ kan! Ẹ̀ka tí wọ́n gé tí wọ́n tì bọ inú ilẹ̀ ni. Mo tu ìkejì, bákan náà. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó wò ó, ó sì dí mi pa lórí WhatsApp.

Báńkì kò ràn mí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti ní kí àwọn báńkì ibí máa dá owó padà fún ẹni tí wọ́n fi irú ẹ̀tàn báyìí gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà gbà wọ́n láyè láti yọ tó pọ́n-ùn 100 kúrò níbẹ̀. Pọ́n-ùn 70 ni tèmi. Kí ló kù?

Bí ẹ bá fẹ́ ra igi ata, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò lójú fídíò, kí ẹ rí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú. Bó bá délé, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ rí gbòǹgbò. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ tààrà, ẹ má sì lo ọ̀nà ọ̀rẹ́ àti ẹbí lórí PayPal, kò sí ààbò níbẹ̀. Ní tèmi o, mi ò ra kóró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ ará ìlú mi, ì báà kúnlẹ̀ kí mi. Mo ra rodo tó pọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé, mo là á, mo sá kóró rẹ̀, mo gbìn ín. Ọjọ́ 17 ló fi hù.

Ohun tó mú mi kọ èyí lálẹ́ òní ni ìpolówó tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ fi hàn mí. Ó ti yí orúkọ padà. Fọ́tò tó fi ń polówó kóró rodo Ìbàdàn báyìí, abọ́ ike búlúù kan ni, etí rẹ̀ sán lápá òsì, aṣọ fèrèsé pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Abọ́ ìyá mi ni. Tàtàṣé tó tà fún mi ló hù sínú rẹ̀ yẹn. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí fọ́tò yẹn, ẹ má san kọ́bọ̀.