Bàtà ìfòsókè tó níṣòó ní gìgísẹ̀: ta ló yẹ kó rà á?

Ẹni tó bá ti rí fídíò Zhu Jianhua, eléré ìfòsókè ọmọ Shanghai ní China nì, á mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe irú bàtà yìí. Kì í rọra rìn bọ̀ nídìí ọ̀pá tí wọ́n ń fò kọjá o, eré burúkú ló máa ń bá débẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1983, ó fo mítà 2.37 ní Beijing. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó fo 2.38 nílùú ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1984, ó fo 2.39 ní Eberstadt, ní Jámánì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé yẹn.

Ẹsẹ̀ tí eléré fi ń tara ẹ̀ sókè, gìgísẹ̀ ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, iwájú ara ló sì ń balẹ̀ sí. Tó bá yọ̀, gbogbo eré tó ti sá di òfò. Bàtà eré ọgọ́rùn-ún mítà ò níṣòó lẹ́yìn, ìyẹn ni kò fi dára fún iṣẹ́ yìí. Ti ìfòsókè sábà máa ń ní mẹ́rin ní gìgísẹ̀ àti mẹ́fà tàbí méje níwájú. Òfin ò gbà ju mọ́kànlá lọ.

Ìṣó mílímítà 12 lòfin gbà, àmọ́ pápá mìíràn ò ní gbà á nítorí rọ́bà ilẹ̀ wọn. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí ìṣó wọlé, kẹ́ ẹ tó fi sípánà fún un, díẹ̀ báyìí. Tí òjò bá pa á, ẹ tú u, ẹ nù ún gbẹ. Tó bá dógùn-ún sínú ihò, ó di wàhálà nìyẹn.

Ohun tí bàtà yìí ò lè tún ṣe ni ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé sí ibi tí kò yẹ. Nínú eré tí wọ́n ń sá lọ sídìí ọ̀pá, ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kẹ́yìn ló ń yípo. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá wá dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá dípò kó kọjú sí igun fóòmù tí wọ́n ń balẹ̀ sí lọ́hùn-ún, ọrùn-ẹsẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Ìṣó tó di ilẹ̀ mú á tilẹ̀ jẹ́ kó burú sí i, torí ẹsẹ̀ ò ní ríbi yí sí.

Ẹni tó ṣì ń dẹwọ́ eré tó bá dé ibi tó ti ń yípo, kó fowó ẹ̀ pa mọ́ ná. Ẹni tó bá sì rà á, tó ń fẹsẹ̀ òsì fò, kó ra ìṣó gìgísẹ̀ òsì ní àrà-sílẹ̀. Ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Ti ọ̀tún á ṣì mú bérébéré.