Spa 2021: Eré-Ìje Tí Wọ́n Tà, Tí Wọn Ò Sá

Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Grand Prix ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, eré-ìje ọkọ̀ Formula 1, lọ́dún 2021, ìyípo 44 ló sanwó fún, lórí ojú ọ̀nà Spa-Francorchamps tó gùn tó kìlómítà 7.004. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ìyípo 3 ni wọ́n fún un, gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ààbò, níbi tí òfin ò ti gba awakọ̀ kankan láyè láti ya ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ èsì, ìyípo 1 péré ni wọ́n kà. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 27 ni gbogbo àkókò tí olúborí lò. Kò tíì sí ìdíje Formula 1 tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọn ò ṣẹ̀ pé wọ́n dá eré dúró. Táyà òjò Pirelli, èyí tó ní ìlà búlúù létí, ń gbá omi tó tó lítà 85 dànù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkọ̀ bá wà lórí eré 300 kìlómítà ní wákàtí. Omi yẹn kì í pòórá, òkè ló ń fọ́n lọ. Àárín igbó Ardennes ni Spa sì wà. Igi yí i ká, atẹ́gùn kì í tètè gbé e kúrò. Ẹni iwájú nìkan ló ń ríran, funfun báláú ni ẹni ẹ̀yìn ń wò. Ní Raidillon, ìgòkè kan lójú ọ̀nà náà, òkè bo ohun tó wà lódìkejì. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti pa awakọ̀ Anthoine Hubert lọ́dún 2019, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Ibẹ̀ náà ni awakọ̀ Lando Norris ti fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú eré 2021. Lọ́jọ́ eré gan-an, awakọ̀ Sergio Pérez ti forí sọ ògiri kó tó dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ìdádúró náà gùn débi pé wọ́n ráyè tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì padà wọlé.

Ohun tó burú ni èyí tó tẹ̀ lé e. Aago 3 ọ̀sán ló yẹ kí eré bẹ̀rẹ̀. Èrò dúró nínú ẹrẹ̀ títí di aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 17, kí ọkọ̀ tó tún jáde. Òfin ìgbà náà ní bí aṣíwájú bá ti kọjá ìyípo 2, kí wọ́n pín ìlàjì póìǹtì. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé àsíá pupa tó ń dá eré dúró, wọ́n sì pín in: Max Verstappen gba 12.5, George Russell gba 9, Lewis Hamilton gba 7.5. Hamilton fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dá owó èrò padà. Òótọ́ ló sọ. Ní Adelaide, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1991, ìyípo 14 ni wọ́n kà kí wọ́n tó pín ìlàjì póìǹtì, ṣùgbọ́n wọ́n sáré níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó tó owó lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyípo Sátidé, nígbà tí wọ́n ń sáré láti to ipò ìbẹ̀rẹ̀, tí Russell fi gbé ọkọ̀ Williams sípò kejì nínú òjò.

Láti 2022, òfin ti yí padà: kò sí póìǹtì láìjẹ́ pé wọ́n sá ìyípo 2 ó kéré tán láìsí ọkọ̀ ààbò. Ní 2025, òjò tún dé sí Spa. Wọ́n dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 80, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ̀ ààbò fún ìyípo 4, lẹ́yìn náà awakọ̀ Oscar Piastri ya Norris sílẹ̀ ní Kemmel, ojú ọ̀nà gbọọrọ tó tẹ̀ lé Raidillon, wọ́n sì sá gbogbo ìyípo 44 pé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Spa, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdápadà owó sí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá “eré bẹ̀rẹ̀” ni wọ́n kọ tàbí “eré parí”. Tíkẹ́ẹ̀tì Bronze, tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lásán, ò ní ìjókòó, kò ní òrùlé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ máa dúró sí. Bàtà òjò àti ẹ̀wù òjò ni kẹ́ ẹ mú, agboòrùn ń dí ẹni ẹ̀yìn lójú. Kí ẹ di ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú ọ̀rá.