Eyín Tí Kò Jẹ́ Kí N Sùn: Bí Wọ́n Ṣe Tọ́jú Gbòǹgbò Eyín Mi ní Ìbàdàn

Nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, ilé ìtọ́jú eyín aládàáni kan ní Ìbàdàn ṣe root canal fún mi lára eyín ńlá kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á dá ihò lu eyín láti orí, wọ́n á kó ẹran rírọ̀ tó ń fa ìrora nínú rẹ̀ jáde títí dé gbòǹgbò, wọ́n á fọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n á sì dí i pa. Iṣẹ́ ọwọ́ dókítà náà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀rọ̀ owó fún mi bí mi nínú.

Ó ti pẹ́ tí ihò ti wà lára eyín náà. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo fi ń jẹun fún bí oṣù mẹ́fà, tí mò ń tan ara mi jẹ pé akokoro náà ti lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo mu omi tútù, ìrora náà sì gbéra. Kì í ṣe èyí tí ń wá tí ń lọ mọ́. Ńṣe ló dúró, ó ń lù kìkìkì, ó gba inú etí dé ẹ̀bátí. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á le sí i, bí mo bá dìde jókòó, á rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà orí àga ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá ọkọ mi fún mi ní kànáfùrù pé kí n fi há ibẹ̀, ó sì fún mi ní ìsinmi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹlòmíràn ní kí n lọ aspirin sí ìdí eyín. Mo dúpẹ́ pé n kò gbọ́, nítorí dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ni aspirin máa ń bó ẹran ẹnu bí ẹni pé iná jó o.

Ilé ìtọ́jú mìíràn kan wà nítòsí ilé wa tó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó rẹ̀ pé wákàtí 24 làwọn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe nọ́ńbà ara pátákó yẹn lóru, kò sí ẹni tó gbé e. Nígbà tí a débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọlọ́dẹ ní dókítà kì í wá lọ́jọ́ Àìkú àyàfi tí èèyàn bá ti bá a ṣe àdéhùn sílẹ̀. Òun ló júwe ibi tí mo padà lọ fún wa. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì, òun nìkan ló ṣe é níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Níbi tí a lọ, nọ́ọ̀sì kò kọ́kọ́ béèrè owó. Ó bi mí bóyá itọ́ ṣeé gbé mì, bóyá ẹnu mi là dáadáa, ó sì fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n mi àti ọrùn. Dókítà ṣàlàyé pé bí ìwúlé eyín bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí mímí tàbí gbígbé nǹkan mì sì di ìṣòro, ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ló yẹ kí èèyàn wá, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ni kó gbà lọ tààrà, nítorí irú rẹ̀ lè dí ọ̀fun pa. Tèmi kò wú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ampiclox, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, fún mi kí n máa lọ sílé, ó ní, “Mà, inú eyín yín ni wàhálà wà, ampiclox ò lè pa ìrora yìí.” Ó ya àwòrán X-ray rẹ̀, ó fi ibi dúdú tí ihò náà ti wọnú dé hàn mí, ó sì sọ pé mo lè yọ ọ́ tàbí kí n jẹ́ kí àwọn tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ mú kí ètè mi kú tipiri, síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kan eyín, mo fò lórí àga. Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ní eyín tó bá ti gbóná bí irú èyí máa ń bá oògùn jà, ó fún mi ní òmíràn ní ìdí eyín náà gan-an, ó sì dúró kó tó tún fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà n kò mọ̀ ju pé ọwọ́ èèyàn wà lẹ́nu mi. Wọ́n na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ẹnu mi tó fi ku eyín yẹn nìkan níta. Àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ló ń kì bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú gbòǹgbò rẹ̀, tí ìdí àwọn irin náà ní àwọ̀ funfun, ìyeyè, pupa àti búlúù ní títẹ̀léra bí wọ́n ṣe ń nípọn sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ké bí irin bá ti fẹ́ dé òpin gbòǹgbò. Mo gbóòórùn bí ti Hypo tí a fi ń fọ aṣọ. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹnu mi sílẹ̀ ni mo béèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbátan rẹ̀ ni lóòótọ́, òun ló ń pa kòkòrò inú ibẹ̀. Wọ́n fi oògùn funfun bí ẹfun sínú rẹ̀, wọ́n dí i fún ìgbà díẹ̀, mo sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo padà lọ fún èyí tó kù. Mo dúró ju wákàtí méjì lọ kó tó kàn mí, iná sì tún lọ nígbà tí mo la ẹnu sílẹ̀, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Gutta-percha, tó jẹ́ ohun bíi rọ́bà tí wọ́n ń rí lára oje igi, ni wọ́n fi dí àwọn gbòǹgbò náà. Ó dùn mí díẹ̀ láti fi jẹun fún ọjọ́ méjì, ó sì tán.

Ọjọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó dé. Mo ti san 5,000 náírà fún káàdì, 8,000 fún àwòrán àti 130,000 fún root canal, mo sì rò pé mo ti jáde. Obìnrin tó ń gba owó wá ní ó ku 160,000 fún adé eyín, ìyẹn ìbòrí tí wọ́n ń fi sórí rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn pé ó pọn dandan, nítorí eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ jáde lè là sí méjì níbi tí èèyàn ti ń jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé owó tí wọ́n kọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú, káàdì ìlera ibi iṣẹ́ mi kò sì gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ pé 303,000 ni gbogbo rẹ̀ á fẹ́ jókòó ronú kó tó kọ yíyọ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 25,000 ni wọ́n ń yọ eyín níbẹ̀. Èmi ì bá ṣì yan títọ́jú rẹ̀, àmọ́ èmi ló yẹ kó yàn án. Dókítà tọrọ àforíjì, ó ní òun rò pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi níta; wọ́n gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò dín kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbikíbi fún irú iṣẹ́ yìí, kó wo ara ògiri wọn bóyá ìwé àṣẹ ọdún náà láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín ní àṣẹ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, wà níbẹ̀, kó sì ní kí wọ́n kọ iye owó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú adé, kó tó la ẹnu. Èmi ti fi eyín náà jẹ àgbàdo sísun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n padà wá ní oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tún ya àwòrán gbòǹgbò rẹ̀. Mo ti béèrè iye rẹ̀, 8,000 ni, mo sì ní kí obìnrin tó ń gba owó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i.